Bàbá Tí Ó Lọ Tí Kò Kú: Àìsí Òbí Nínú Ìtàn Àròsọ Ọmọdé àti Nínú Ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá ṣí ìwé ìtàn àròsọ tí a kọ fún ọmọdé, ní èdè yòówù kí ó jẹ́, lè kà á tán láì bá òbí pàdé níbẹ̀. Oliver Twist tí Charles Dickens kọ ìtàn rẹ̀ láàárín 1837 sí 1839 kò mọ bàbá, ìyá rẹ̀ sì kú ní kété tí ó bí i. Anne, ọmọbìnrin tí ìwé tí L. M. Montgomery kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1908, jẹ́ ọmọ òrukàn. Harry Potter, tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1997, pàdánù bàbá àti ìyá kí ó tó dá ojú wọn mọ̀. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ọmọdé sábà máa ń ṣe ni pé òǹkọ̀wé ní láti mú òbí kúrò lójú ọ̀nà kí ọmọ tó lè rí àyè rìn. Òbí tí ó wà nílé yóò ní kí ọmọ má wọ igbó lọ. Bí ọmọ kò bá sì wọ igbó, ìtàn kò sí.

Àlàyé yìí mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n kò tó láti fi ka ìtàn àròsọ Yorùbá. Agbègbè tí iṣẹ́ yìí fi ṣe òṣùwọ̀n ni ìwọ̀-oòrùn Èkìtì: Ìjerò, Arámọ̀kọ, Ẹ̀fọ̀n Aláayè, Òkèmẹ̀sí àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, tí gbogbo wọn bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Èkìtì tí a dá sílẹ̀ ní 1996. Ní agbègbè yìí, láti bí igba ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ òbí tí ọmọ wọn kò rí ni ikú kò pa. Ogun ló kó àwọn kan lọ, tàbí tí ó kó ọmọ wọn lọ. Gbèsè ya àwọn mìíràn nípa. Lẹ́yìn náà, ilé-ìwé àti iṣẹ́ oṣù gba ipò ogun àti gbèsè. Síbẹ̀, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé fún ọmọdé ní èdè Yorùbá, òkú ni àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń sọ òbí dà. Ohun tí ó fà á, àti ohun tí ó ná àwọn ọmọ tí ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, ni iṣẹ́ yìí dá lé.

Èdè fúnra rẹ̀ là wá lọ́yẹ̀ níbi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ òrukàn ni ọmọ tí òbí rẹ̀ kú. Ohun tí ó sọnù ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ọmọ àgbàtọ́ ni ọmọ tí ẹlòmíràn gbà tọ́; ẹni tí ó gbà á ni orúkọ yìí ń tọ́ka sí, kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tí ó fi í sílẹ̀. Ìwọ̀fà ni ẹni tí a fi sìn nítorí owó. Gbèsè ni ó fún un lórúkọ. Ó ṣòro láti rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ wà láàyè níbi tí ojú rẹ̀ kò tó. Òwe náà kò fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo: ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òwe mìíràn wà tí kì í jẹ́ kí a gbàgbé ohun tí igba ènìyàn kò lè ṣe: ọmọ tí kò ní ìyá kì í dá egbò ẹ̀yìn. Àárín òwe méjèèjì yìí ni ìtàn àìsí òbí wà nílẹ̀ Yorùbá.

Alárá, Ajerò àti Bàbá Wọn

Alárá ni oyè ọba Arámọ̀kọ. Ajerò ni oyè ọba Ìjerò. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ẹsẹ Ifá mọ orúkọ méjèèjì gẹ́gẹ́ bí orúkọ àwọn ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Nínú Ìwòrì Méjì, ní ẹ̀dà tí Wándé Abímbọ́lá kó jọ sínú Sixteen Great Poems of Ifá tí UNESCO gbé jáde ní 1975, ọmọ mẹ́jọ ni Ọ̀rúnmìlà bí, ọba sì ni gbogbo wọn. Ó pè wọ́n wá síbi ọdún rẹ̀. Alárá wá, ó kí bàbá rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ajerò wá, ó kí i bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀lé wọn. Ọlọ́wọ̀, àbíkẹ́yìn, ló kọ̀ láti kí i. Ó ní bí bàbá òun ti dé adé ni òun náà dé adé. Inú bí Ọ̀rúnmìlà, ó sì gba ọ̀run lọ.

Ayé dàrú lẹ́yìn rẹ̀. Aboyún kò bí, àgàn kò rọ́mọ gbé pọ̀n, odò gbẹ, ohun ọ̀gbìn kò ṣe dáadáa. Àwọn ọmọ rẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó padà wálé. Kò padà. Ikin mẹ́rìndínlógún ni ó kó fún wọn, ó sì sọ fún wọn pé ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ béèrè lọ́wọ́ òun, kí wọ́n máa bi ikin náà.

Kì í ṣe ọmọdé ni a ń ki Ifá fún, ẹsẹ yìí kì í sì í ṣe àlọ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àwòṣe kan ti wà nílẹ̀ kí ìwé tó dé. Lákọ̀ọ́kọ́, bàbá inú ìtàn yìí kò kú. Ó lọ ni. Lẹ́ẹ̀kejì, ìtàn náà kò fi ìdí tí ó fi lọ pa mọ́: aáwọ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín òbí àti ọmọ, olúkúlùkù sì ní ẹjọ́ tirẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ohun kan sílẹ̀ tí àwọn ọmọ lè fi máa bá a sọ̀rọ̀. Ikin kò sọ bàbá di ẹni tó wà nílé, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ilé dákẹ́. Ó yẹ kí a fi nǹkan mẹ́ta yìí sọ́kàn, torí pé ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí wọn pa pọ̀ nínú ìwé ọmọdé Yorùbá ti ọ̀rúndún ogún.

Ogun àti Gbèsè

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Ìbàdàn wọ Èkìtì léraléra. Samuel Johnson ṣe àkọsílẹ̀ ogun Àrà nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah mú jáde ní 1921. Lẹ́yìn ogun, Ìbàdàn fi àjẹlẹ̀ sí àwọn ìlú tí ó ṣẹ́gun. Ìwà àwọn àjẹlẹ̀ náà wà lára ohun tí ó bí ọ̀tẹ̀. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí, ìlú tí à ń pè ní Ìmẹ̀sí-Igbódò nígbà náà, pa àjẹlẹ̀ Ìbàdàn. Èkìtì-Parapọ̀ kó ara jọ, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà di olórí ogun wọn, Ogun Kírìjì sì gbóná. A tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n àwọn jagunjagun kò tú ká nínú ibùdó wọn títí di 1893.

Ẹrú ni èrè ogun wọ̀nyí. Àwọn olórí ogun ń fi ẹrú ṣe oko, wọ́n ń tà wọ́n láti fi ra ìbọn àti ẹ̀tù, wọ́n sì ń sọ àwọn mìíràn di ọmọ ogun. Ọmọdé tí a kó lẹ́rú kì í pẹ́ gbọ́ èdè ilé tuntun, kì í pẹ́ gba orúkọ tuntun. Bí ó bá pẹ́, ó lè jẹ́ pé òun nìkan ni ó kù tí ó mọ̀ pé òun ní bàbá ní Àrà tàbí ní Ẹ̀fọ̀n.

Ẹ̀rí tí ó ṣe kedere jù lọ nípa ọmọ tí ogun yà nípa sí òbí rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá wá láti ibòmíràn. Samuel Ajayi Crowther, tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú lẹ́tà ní 1837. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó rí ìyá rẹ̀ padà ní Abẹ́òkúta. Ìjerò náà ní tirẹ̀. Helena Doherty, ọmọbìnrin ìdílé Ajerò tí ogun kó lọ, tí ó sì di Kristẹni, padà wálé kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, ó sì wà lára àwọn tí ó gbé ẹ̀sìn ìjọ C.M.S. dé ìlú náà. Orúkọ Doherty ṣì wà lára ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjerò títí di òní. Àwọn tí ó padà báyìí kì í ṣe òrukàn. Ìbéèrè tí wọ́n gbé padà wálé nira ju ti òrukàn lọ: ta ni ó tà mí, ta ni ó wá mi, ta ni kò wá mi?

Ìwọ̀fà ni ọ̀nà kejì. Ìwé tí Toyin Falola àti Paul Lovejoy jọ ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1994 lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà ní Áfíríkà fi hàn bí àṣà yìí ti gbilẹ̀ tó, àti bí ó ti pẹ́ tó kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ ìjọba àmúnisìn. Bàbá tí owó nílò rẹ̀ dé bá, yálà fún ìsìnkú tàbí fún ìtanràn, lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ ọmọ náà ni èlé owó. Títí bàbá yóò fi san owó náà, ibẹ̀ ni ọmọ wà. Ó lè jẹ́ ìrìn wákàtí kan péré ni ó wà láàárín ilé olówó àti ilé bàbá. Ọmọ mọ̀ pé bàbá òun wà láàyè, ó mọ ọ̀nà ilé, ó sì mọ ìdí tí òun kò fi lè padà.

Òkú Ọ̀run Nínú Ìwé

Nígbà tí ìtàn àròsọ ọlọ́rọ̀ geere bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, kí ni ó ṣe pẹ̀lú ogún yìí? D. O. Fágúnwà kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ṣe ní 1936. Ó jáde ní 1938. Kí Àkàrà-Ògùn, olú ẹ̀dá ìtàn, tó máa dá rin igbó, bàbá rẹ̀ ti yìnbọn pa ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ àjẹ́, bàbá náà sì ti tẹ̀lé e lọ sọ́run. J. F. Ọdúnjọ, tí àìmọye ọmọ Yorùbá fi Aláwíyé rẹ̀ kọ́ ìwé kíkà, gbé Kúyẹ̀ àti Ọmọ Òkú Ọ̀run jáde ní 1964. Kúyẹ̀ jẹ́ ọmọ òrukàn tí ó tún yadi. Orúkọ ìwé kejì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé. Ilé-ìwé ni ìwé wọ̀nyí gbà dé ọwọ́ ọmọdé, pàápàá lẹ́yìn tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ọmọ Ìjerò kà wọ́n bí ọmọ Abẹ́òkúta ti kà wọ́n.

Ìdí àkọ́kọ́ tí òbí fi ń kú nínú ìwé ni àlọ́. Àlọ́ òrukàn ti wà kí ìwé tó dé: ìyá ọmọ kú, ìyàwó bàbá ń fi ìyà jẹ ẹ́, ó rán an lọ fọ ìgbákọ lódò tí ó jìnnà, ìwà rere ọmọ náà sì sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Nínú irú àlọ́ bẹ́ẹ̀, ikú kò gba ìyá tán. Ó lè padà wá bọ́ ọmọ rẹ̀, igi lè hù lórí sàréè rẹ̀ kí ó máa so èso fún ọmọ náà. Àwọn tí ń sọ ọmọ ní Yétúndé àti Babátúndé kò ní rí èyí bí ohun àjèjì. Nípa bẹ́ẹ̀, òkú inú àlọ́ sún mọ́ bàbá inú Ìwòrì Méjì: ó lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dáhùn. Nígbà tí ìtàn bọ́ sínú ìwé ilé-ìwé ìjọ, òkú kò ráyè dáhùn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìdí kejì ni kíláàsì. Ìwé tí a fi ń kọ́ ọmọ ní kíkà ni a tún fi ń kọ́ ọ ní ìwà, bíbọ̀wọ̀ fún òbí sì wà lára ẹ̀kọ́ náà. Òbí tí ó kú kò ní ẹ̀bi. Òbí tí ó wà láàyè tí kò sí nílé yóò mú ọmọ béèrè ìdí, tíṣà yóò sì ní láti wá èsì. Ikú a máa dáhùn ìbéèrè kí ọmọdé tó bi í.

Ìdí kẹta ni ó jinlẹ̀ jù. Ní 1938, ẹni tí ó jẹ́ ọmọdé nígbà Ogun Kírìjì kò tíì ju àgbàlagbà inú ilé lọ. Ní ìlú kan náà ni ọmọ ẹni tí a kó lẹ́rú, ọmọ ẹni tí ó kó ẹrú, àti ọmọ ẹni tí ó fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà ń gbé. A kì í pe ọmọ ẹrú ní ọmọ ẹrú lójú rẹ̀ nínú agbo ilé, nítorí ọ̀rọ̀ náà lè tú ilé ká lórí ogún, ilẹ̀ tàbí oyè. Ìtàn ọmọ tí a tà ì bá mú àwọn òǹkàwé kékeré lọ bi ìyá ìyá wọn léèrè ibi tí ó ti wá. Ó dà bí ẹni pé òrukàn ni ọ̀nà tí a lè gbà sọ ìbànújẹ́ yẹn láì fọwọ́ kan ilé ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà yìí ní ohun tí ó ná wa. Bí òbí tí ó kú bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi, ẹ̀bi náà ní láti sùn síbì kan. Orí ìyàwó bàbá ni a gbé e lé. Ìran òǹkàwé dé ìran òǹkàwé ni ó ti kọ́ láti inú àlọ́ àti ìwé pé obìnrin tí ó gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ ni ọ̀tá. A kò sì sábà kíyè sí bàbá inú àlọ́ náà. Ìyá nìkan ni ó kú. Bàbá wà nínú ilé, ó ń jẹun, ó ń rí i pé a ń rán ọmọ òun lọ sódò ní òru, kò sì wí nǹkan kan. Òun ni òbí tí kò sí nínú ìtàn náà ní tòótọ́, ìtàn kò sì fi í bú.

Àwọn ìwé tí ó gba ọ̀nà mìíràn wà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì wọ́pọ̀ sí. Nínú My Life in the Bush of Ghosts, tí Amos Tutùọlá gbé jáde ní 1954, ọmọ ọdún méje ni olú ẹ̀dá ìtàn. Ìyá rẹ̀ lọ ọjà nígbà tí ogun ẹrú dé. Àwọn ìyàwó bàbá rẹ̀ sá lọ láì sọ fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó lo ọdún mẹ́rìnlélógún nínú igbó iwin, nígbà tí ó sì jáde, wọ́n tà á lẹ́rú, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó sì bá ara rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ẹni tí ó jẹ́. Òǹkọ̀wé tí kò kọ̀wé fún kíláàsì ni ó lè sọ èyí: pé ìyá kò kú, pé ọjà ni ó lọ, àti pé ẹni tí ó rà ọ́ lè jẹ́ ọmọ ìyá rẹ. Ní 1966, nínú Chike and the River, Chinua Achebe mú ọmọdékùnrin kan kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tí ó wà láàyè ní abúlé, ó fi í sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òbí ní Onitsha, láì sọ ẹnikẹ́ni di ìkà.

Ilé-Ìwé, Iṣẹ́ Oṣù àti Òkè Òkun

Ní ọ̀rúndún ogún, ìwé ni ó gba ipò ogun. Christ's School tí a dá sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 1933 fa ọmọ kúrò ní àwọn ìlú ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Kí ilé-ẹ̀kọ́ girama tó kárí, ọmọ tí ó fẹ́ kàwé ní láti fi ilé sílẹ̀, àwọn kan sì ń gbé ní ilé tíṣà tàbí ti àlùfáà, wọ́n ń ponmi, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n sì ń lọ sí ilé-ìwé. Wọlé Ṣóyínká ya irú ilé bẹ́ẹ̀ nínú Aké (1981): ilé ọ̀gá ilé-ìwé ní Abẹ́òkúta tí ó kún fún ọmọ ọlọ́mọ tí ìyá rẹ̀ gbà sọ́dọ̀. Nígbà tí ó ṣe, àwọn òbí gan-an ni ó ń lọ, sí oko kòkó ní Oǹdó, sí Ìbàdàn, sí Èkó, tí ọmọ sì ń kù sọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Àgbàtọ́ sọdá òkun pẹ̀lú. Láti àwọn ọdún 1950 ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ ìdílé òyìnbó tí wọ́n ń sanwó fún kí wọ́n lè ráyè kàwé. Lójú òbí, àgbàtọ́ tí wọ́n mọ̀ nílé ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹbí níbẹ̀, kò sí igba ènìyàn. Ẹnìkan ṣoṣo tí kò gbọ́ èdè ni. Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí ó dàgbà ní irú ilé bẹ́ẹ̀, fi ìrírí náà ṣe fíìmù Farming (2018). Fíìmù náà bi ìbéèrè tí ìwé ọmọdé wa kò bi: kí ni ọmọ yóò rò nípa òbí tí ó wà láàyè, tí ó fẹ́ràn rẹ̀, tí ó sì fi í sílẹ̀?

Ìbéèrè yìí kò tíì di ohun àná. Ọmọ wà ní Ẹ̀fọ̀n àti ní Arámọ̀kọ lónìí tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, tí bàbá rẹ̀ sì wà ní òkè òkun. Orí fóònù ni ó ti ń gbọ́ ohùn wọn. Kì í ṣe òrukàn, ìyá àgbà tí ó ń tọ́ ọ kì í sì í ṣe ìkà. Bí ìwé kíkà rẹ̀ bá jẹ́ kìkì ìtàn ọmọ òkú ọ̀run, ọ̀kan nínú ohun méjì ni yóò kọ́ níbẹ̀: pé ọ̀rọ̀ òun kò yẹ ní sísọ, tàbí pé ẹni tí kò sí nílé dà bí òkú. Èkejì ni ó burú jù, nítorí ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀fọ̀ ẹni tí yóò padà dé.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a ti gbé yẹ̀ wò fi hàn pé àìsí òbí nínú ìtàn àròsọ ọmọdé Yorùbá ju ọgbọ́n tí òǹkọ̀wé fi ń wá àyè fún ọmọ lọ. Ó jẹ́ ọ̀nà tí àwùjọ kan fi sọ, tí ó sì tún fi pa mọ́, ohun tí ogun àti gbèsè ṣe nínú ilé. Fágúnwà àti Ọdúnjọ ṣe é bí ìgbà wọn ti gbà. Àwọn ọmọ tí ó sunkún nítorí Kúyẹ̀ kọ́ àánú níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ìdí tí ó mú wọn sọ òbí di òkú ti ń kúrò nílẹ̀. A ti lè sọ̀rọ̀ Kírìjì ní gbangba nísinsìnyí, tíṣà sì ti mọ̀ pé ìdajì kíláàsì òun lè máà gbé lọ́dọ̀ òbí wọn.

Ẹni tí yóò bá kọ̀wé fún ọmọ Ìjerò lónìí kò nílò láti yá àwòṣe lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìtàn tí ó sọ Ajerò àti Alárá di ọmọ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ti ní gbogbo ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń fẹ́: bàbá tí ó wà láàyè, ìdí tí ó fi lọ tí a kò fi pa mọ́, àwọn ọmọ tí wọ́n dìde lọ wá a, àti ohun tí ó fi lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n lè máa bi í léèrè ọ̀rọ̀. Bàbá náà kò padà wálé. Ìtàn náà kò purọ́ fún àwọn ọmọ pé yóò padà, kò sì sọ fún wọn pé ó kú.